Àwa Tí A Fi Káàdì Kọ́ṣẹ́

Àwa tí a kọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé láàárín ọdún 1985 sí ọdún 2000, orí káàdì la ti kọ́ ọ. A ó tẹ orúkọ òǹkọ̀wé sókè, àkọlé ìwé sábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà Dewey sí apá òsì. Taipuráítà la fi ń tẹ gbogbo rẹ̀. Bí lẹ́tà kan bá ṣì, ọ̀gá á fa káàdì ya, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jí wa lóru tó bi wá ní nọ́ńbà iṣẹ́ àgbẹ̀, 630 la ó fi dá a lóhùn. Àbójútó òwò, 658. Èdè Yorùbá, 496.333. Iṣẹ́ náà dára. Ó kọ́ wa pé ìwé tí kò sí níbi tó yẹ kó wà ti sọnù, bó tilẹ̀ wà nínú ilé.

Ìgbà tí a wọṣẹ́ kò rọgbọ. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP bẹ̀rẹ̀ ní 1986, náírà já wálẹ̀, ìwé òkè òkun di ọ̀wọ́n gógó. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé yunifásítì, ẹ lè wo pẹpẹ ìwé àtìgbàdégbà kí ẹ sì fojú rí ọdún tí owó tán: àwọn ẹ̀dà tò lọ títí dé ìparí àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn náà àyè ṣófo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àjọ NUC tó ń bójú tó àwọn yunifásítì pín ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ TINLIB fún wọn. Wọ́n kọ́ àwọn kan lára wa bí a ṣe ń lò ó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná mànàmáná àti owó àtúnṣe kò jẹ́ kó fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbi púpọ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 2001, fóònù alágbèéká dé. Ní Ọ̀tà wa níhìn-ín, Covenant University ṣílẹ̀kùn ní Canaanland ní 2002, Bells University of Technology tẹ̀ lé e ní 2005. Koha, ètò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ilé ìkàwé kan ní New Zealand, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé ní ọdún 2000, wá di ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ní Nàìjíríà ń lò. Káàdì wọ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, kò jáde mọ́.

Ẹ̀kọ́ la ń kọ́ láti ìgbà náà wá, kò sì rẹ̀ wá. Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè wá wá kọ́ nǹkan tuntun, irinṣẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́ wa. Bí a ṣe ń tẹ èyí, bí a ṣe ń ṣí ìyẹn. Ẹni tó dúró síwájú tábìlì wa, tó rìn láti ọ̀nà jíjìn wá béèrè nǹkan, ta ló kọ́ wa bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀?

Kì í ṣe pé ìmọ̀ náà kò sí. Ní Amẹ́ríkà, Robert Taylor ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1968 pé ìbéèrè tí òǹkàwé bá gbé wá kì í sábà jẹ́ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn gan-an. Ó ti gé e kúrú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti wọ̀n ọ́n mọ ohun tó rò pé ilé ìkàwé lè ní. Iṣẹ́ wa ni láti bá a padà sẹ́yìn, títí tí a ó fi kan ohun tó gbé e kúrò nílé. Nílé níhìn-ín pẹ̀lú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòwun Ògúnṣẹ̀yẹ, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ẹni tó kọ́ni ní ìmọ̀ ilé ìkàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, dá ilé ìkàwé àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Abadina, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ kékeré yunifásítì náà ń gbé. Ó gbé ilé ìkàwé lọ bá àwọn ọmọ tí wọn kì bá wá a wá. Àpẹẹrẹ náà wà lójú wa. Ọ̀rọ̀ Taylor wà nínú nóòtì wa, ó gba ìwọ̀nba ìlà, a kà á sórí nítorí ìdánwò, a kọ ọ́, a gba máàkì, a sì padà sídìí káàdì.

Ilo-Awela, àdúgbò wa ní Ọ̀tà, ló wá fi hàn wá pé ohun tó ṣe pàtàkì jù la fò kọjá.

Ẹni tó bá mọ agbègbè wa yóò mọ̀ pé kọ́ńpìnnì ló yí wa ká, láti Ṣàngó títí wọ inú Ọ̀tà: àwọn tó ń rọ irin, àwọn tó ń ṣe ike, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ inú ọ̀rá, àwọn tó ń po kẹ́míkà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn òṣìṣẹ́ ti wà lójú títì tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Ẹ̀yà gbogbo ló wà níbẹ̀. Àwórì ló nilẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹ̀gùn, Ìgbò, Haúsá àti ọmọ Yorùbá láti ibi gbogbo ló ń gbé àdúgbò kan náà. Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò tó kọjá lára wa ló lọ sí ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀, nítorí náà ìwé èdè Faransé náà ń dé ọ̀dọ̀ wa, tí ẹni tó mú un wá á ní kí a bá òun wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú irú ẹni kan. Ọmọkùnrin ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, wọ́n fi báńdéèjì di ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó wọlé, ó kí wa, ó dúró díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ní ìwé òfin?"

Bí wọ́n ṣe kọ́ wa, ìbéèrè yìí rọrùn. 340. A ó nawọ́ sí pẹpẹ, a ó ní, "Ó wà lọ́hùn-ún, ẹ lọ wò ó." Yóò bá ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 níbẹ̀, yóò bá àwọn ìwé ńláńlá mìíràn. Yóò ṣí ọ̀kan, yóò pa á dé, yóò ní a kú iṣẹ́, yóò sì jáde. Lálẹ́ ọjọ́ náà, a ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ pé ẹnì kan wá, a sì dá a lóhùn. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ tí a fi ń gbé ilé ìkàwé wa lárugẹ níwájú àwọn aláṣẹ, irú ẹni báyìí ló kún inú rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì gbà á lọ́nà mìíràn. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bùọ̀dá. Òfin tó wà níbí pọ̀. Ẹ sọ díẹ̀ fún mi nípa ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, kí n lè mọ èyí tí màá mú." Ó wo ẹ̀yìn. Ó sún mọ́ tábìlì. Ẹ̀rọ ló gé e níka lẹ́nu iṣẹ́, ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n fún un lówó oògùn, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyẹn náà ni gbogbo ẹ̀.

Ìbéèrè ti yí padà. Ohun tó ń wá ni òfin ọdún 2010 tó dá lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, èyí tí wọ́n ń pè ní Employees' Compensation Act. Òfin náà ní kí òṣìṣẹ́ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Ó lè sọ fún máníjà, ó lè sọ fún ọ̀gá tó ń darí ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Kò béèrè Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó ṣáà ti sọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti ohun tó fà á. Agbanisíṣẹ́ náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ NSITF tó ń bójú tó àpò owó náà létí. Inú àpò yẹn ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn sí, wọn kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ lára owó òṣìṣẹ́ fún un. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti lọ nínú mẹ́rìnlá. Ọjọ́ márùn-ún ló kù.

Nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́, a mọ òfin márùn-ún tí Ranganathan ará Íńdíà gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ wa ní 1931. Ìkẹrin wọn ní kí a má fi àkókò òǹkàwé ṣòfò. A rò pé ọ̀rọ̀ kí káàdì tètè jáde ni. Ọmọkùnrin yìí, bí a bá nawọ́ sí 340 fún un, tó lọ, tó tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ ti kọjá.

Níbí yìí náà la ti gbọdọ̀ mọ ibi tí iṣẹ́ wa pin sí. A kì í ṣe lọ́yà. A lè mú òfin náà jáde, ká jọ kà á, ká túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó le sí Yorùbá, ká fi ibi tí ọjọ́ wà hàn án. A kò gbọdọ̀ sọ fún un pé yóò gba owó tàbí iye tí yóò gbà. A ó fi ọ̀nà ọ́fíìsì NSITF hàn án, a ó sì sọ fún un pé Legal Aid Council wà láti 1976 fún ẹni tí kò lówó lọ́yà. Ohun tó kù, ẹnu wa ni. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé. Ọmọ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá nídìí tábìlì tó tẹ̀ lé e. A kò gbọdọ̀ kọ ohun tó mú un wá sínú ìwé tí ẹlòmíràn lè ṣí, a kò sì gbọdọ̀ sọ ìtàn rẹ̀ níbi oúnjẹ ọ̀sán. Nàìjíríà ti ní òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni láti 2023, ṣùgbọ́n àṣírí òǹkàwé ti jẹ́ ti wa kí òfin yẹn tó dé.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí bí a ṣe ń béèrè, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ba nǹkan jẹ́ láìmọ̀. Brenda Dervin àti Patricia Dewdney kọ̀wé ní 1986 pé kí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé yẹra fún bíbi òǹkàwé ní ìdí tó fi fẹ́ ohun tó fẹ́. Kó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó dí i lọ́wọ́, ohun tó fẹ́ kí ìdáhùn bá òun ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé èyí fún un púpọ̀. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń béèrè?" Ọ̀rọ̀ tésàn ọlọ́pàá nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, kí n lè mọ ibi tí màá wò?" ni ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ ṣèrànwọ́. Oníṣègùn kò ní fúnni lóògùn kó tó mọ ibi tó ń dunni, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n oníṣègùn tó mọṣẹ́ kì í fi ìbéèrè dẹ́rù ba aláìsàn.

Àgbàlagbà ní ọ̀nà tirẹ̀. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń wá gàsẹ́ẹ̀tì ìjọba tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ sí, kò ní wọlé kó sọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò kí wa, yóò kí iṣẹ́, yóò sọ̀rọ̀ oòrùn àti owó ọkọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ mú kí a máa kánjú níbẹ̀, kí a rò pé ọ̀rọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń wò wá bóyá a ṣe é bá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí àga kan wà níwájú tábìlì, torí ọ̀rọ̀ àgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Ilé ìkàwé tí òṣìṣẹ́ jókòó tí òǹkàwé wà lórí ìdúró, mo ti rí i níbi púpọ̀, inú mi kò sì dùn sí i rí.

Ìyá tó ń ṣe ṣinṣín àti kókóró sínú ọ̀rá, tó sì fẹ́ máa tà á ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, lè wá béèrè "ìwé oúnjẹ". Bí a bá fún un ní ìwé ìdáná, a ti ṣì í lọ́nà. Àṣẹ NAFDAC ló ń wá, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, tí òfin 1993 dá sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè wà lórí ìkànnì àjọ náà fúnra rẹ̀; iṣẹ́ wa ni láti tẹ̀ ẹ́ jáde, ká kà á fún un. Ká kà á ní ohùn tí òun nìkan yóò gbọ́, kí gbogbo yàrá má baà mọ̀ pé kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin tí a bá dójú tì lẹ́ẹ̀kan kò ní padà, yóò sì sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n má wá.

Ní ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ wa, Nigerian Library Association, ti wà láti 1962. Òfin tó dá LRCN sílẹ̀, àjọ tó ń forúkọ wa sílẹ̀, jáde ní 1995, Decree 12, a sì dúpẹ́ fún un, torí ó sọ iṣẹ́ wa di iṣẹ́ tí òfin mọ̀. Àwọn àpérò ń wáyé. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ gírámà aládàáni kan ní Ilo-Awela iye ìgbà tó lè san owó ọkọ̀ lọ sí Àbújá, kó tún san owó hòtẹ́ẹ̀lì àti owó ìwọlé, nínú owó oṣù tó ń gbà. Ẹni tó bá sì lọ, báàgì àti sátífíkéètì ló sábà ń gbé bọ̀. Sátífíkéètì ní ìwúlò tirẹ̀ fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jù ú nù. Mo kàn mọ̀ pé kò sí èyí nínú rẹ̀ tó kọ́ wa láti gbọ́ ohun tí ọmọkùnrin oníka yẹn kò sọ.

Ohun tó lè kọ́ wa kò ná wa lówó. Kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ ní Ọ̀tà, àwọn ti yunifásítì, àwọn ti ilé ẹ̀kọ́ gírámà, àwọn tó ń tọ́jú fáìlì ní kọ́ńpìnnì, kóra jọ lọ́jọ́ Sátidé kan. Kí ẹnì kan ṣe òǹkàwé, kí ẹnì kan ṣe òṣìṣẹ́, kí àwọn yòókù máa gbọ́. Kí a wá sọ òótọ́ fún ara wa: ibí lo ti gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ibí lo ti fún un ní ìwé kó tó parí. Kí olúkúlùkù mú ìwé pélébé kan wá tó kọ àwọn ìbéèrè tí kò rí dáhùn sí. Àkọsílẹ̀ àwọn tí a dá lóhùn kò kọ́ wa ní nǹkan kan tó ìyẹn.

Àwọn àbúrò wa ti gbé ìbánisọ̀rọ̀ lọ sórí WhatsApp, wọ́n sì jàre. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lè fi ohùn ránṣẹ́ ní agogo méjì òru. Ohun tí a ń bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí wọ́n má máa fi líǹkì lásán dá ènìyàn lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ sọ pé ẹ ti rí ìbéèrè náà. Ẹ dá ọjọ́ tí ìdáhùn yóò dé, kí ẹ sì mú ọjọ́ yẹn ṣẹ. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì sọ ẹni tó lè mọ̀ ọ́n. Fún ẹni tí kì í kàwé púpọ̀, ẹ fi ohùn dá ohùn lóhùn.

Nǹkan kan wà tí káàdì kọ́ wa tó wá wúlò báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó orúkọ ìwé wá bá wa tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí. Orúkọ òǹkọ̀wé jẹ́ òótọ́, orúkọ ìwé àtìgbàdégbà jẹ́ òótọ́, àkọlé náà kò sí láyé. Ẹni tó ti tẹ káàdì títí ni ojú rẹ̀ máa ń tètè rí i pé nọ́ńbà ẹ̀dà kò bá ọdún mu, pé ojú ewé yẹn kọjá ibi tí ẹ̀dà náà parí sí. Ṣùgbọ́n bí a ṣe sọ ọ́ ṣe pàtàkì. Bí a bá pe ọmọ náà ní oníjìbìtì, yóò sá fún wa títí yóò fi gboyè. "Wá, jẹ́ ká jọ wá a" ló dára. Kó jókòó tì wá, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí, ká wá fi èyí tó wà hàn án.

Àwọn kan lára wa ti ń fẹ̀yìn tì. Ọgọ́ta ọdún ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba lára wa ń fẹ̀yìn tì, tàbí bí wọ́n bá ti lo ọdún 35, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Kí a tó lọ, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí àwọn aláṣẹ gbọ́ lẹ́nu wa. Ọmọkùnrin tí ẹ̀rọ gé níka yẹn, ọgbẹ́ ló fún un láyè láti wá. Ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ le, ilé ìkàwé ti tì kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò sì tíì ṣí nígbà tó ń lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989 ní ju 500,000 ènìyàn lọ nínú ìkànìyàn 2006, wọn yóò ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí, ẹnu iṣẹ́ kọ́ńpìnnì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹni tó bá ń darí ilé ìkàwé kankan lágbègbè yìí, ti ìjọba ni o, ti aládàáni ni o, kó ṣí i ní Sátidé àti ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, kó wá owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó àfikún fún ẹni tí yóò dúró. Kó sì fi ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ gbọ́ sídìí tábìlì. Bí kò bá rí ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà, kó ránṣẹ́ pe àwa tí a ti fẹ̀yìn tì; a ó wá.